Ẹni Tó Ń Yáná fún Mọ́tò Balbaara

Ẹ sún mọ́ ààrò díẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rọra fa ilẹ̀kùn pa dé. Ìtàn yìí kò bọ́ sórí ọba, kò bọ́ sórí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀. Orí obìnrin kan tó ń wa mọ́tò ló bọ́ sí, Balbaara ìyá Kunney, ní abúlé kan létí odò Lena, níbi tí òtútù ti ń já ẹyẹ lulẹ̀ láti ojú ọ̀run.

Balbaara kò ga, kò sì sanra. Ṣùgbọ́n tó bá ti kó aṣọ òtútù wọ̀ tán, tó de fìlà onírun mọ́rí, ńṣe ló ń rí bí àpò ìyẹ̀fun tó ń rìn. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Silip ọkọ rẹ̀ ló fi mọ́tò sílẹ̀ fún un nígbà tó kú, mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tí gbogbo ayé ń pè ní Búrẹ́dì, nítorí bí búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú agolo ló ṣe rí, iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Kò ní imú bíi ti àwọn mọ́tò yòókù. Inú ilé rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìdérí kan tí wọ́n fi aṣọ nípọn bò. Òun ni Balbaara fi ń kó èrò àti ìyẹ̀fun àti tíì láti ìlú ńlá wá sí abúlé, lórí odò tó ti dì bí òkúta.

Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí lè rò pé iṣẹ́ awakọ̀ ni kó wa mọ́tò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ti gba ìlú, iṣẹ́ awakọ̀ ni kó jí mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n bá pa síta níbẹ̀ á di òkú kí wọ́n tó jẹun tán. Ọ́ìlì inú rẹ̀ á le bí ẹ̀kọ àná, bátìrì á dákú, rọ́bà á máa kán bí igi gbígbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn olówó kì í fi í pa mọ́tò tiwọn láti ìgbà tí odò bá ti dì títí yóò fi yọ́. Tọ̀sán tòru ló ń kùn lójúde bí ẹni tí inú ń bí. Balbaara kò ní owó epo tó tó bẹ́ẹ̀. Bí Silip ṣe ń ṣe é lòun náà ń ṣe. Lálẹ́, á tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú korobá, korobá á sùn lẹ́yìn ààrò. Á yọ bátìrì, bátìrì á sùn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Silip máa ń bọ́ bàtà sí láyé ọjọ́un. Tílẹ̀ bá mọ́, á gbé ọ́ìlì kaná bí ẹni gbé ọbẹ̀ kaná, á kó ẹ̀yinná sínú abọ́ irin pẹrẹsẹ, á tì í sábẹ́ mọ́tò, á wá fi aṣọ ńlá bo mọ́tò mọ́lẹ̀ yíká kí ooru má baà sá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Búrẹ́dì á húkọ́, á dákẹ́, á tún húkọ́, á gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, á tún sùn. Àárọ̀ kan kò sí tí àwọn méjèèjì kì í jà kí mọ́tò tó gbà láti dìde.

"Ìyá Kunney," Bahilay aládùúgbò rẹ̀ á nahùn láti òdìkejì ọgbà, "ṣé ó ti dìde, àbí o ṣì ń kì í?"

"Mò ń kì í ni. Tìrẹ tí o kì í kì ńkọ́, ṣé ó ti dìde láti ọdún tó kọjá?"

Bahilay á rẹ́rìn-ín wọlé. Ọdẹ ni, mọ́tò tirẹ̀ sì ti di ibi tí ajá ń bímọ sí. Kẹ̀kẹ́ orí yìnyín nìkan ló kù tó ń gùn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Balbaara ń ti ìlú ńlá bọ̀ lóun nìkan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Kunney, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, nítorí oyún rẹ̀ ti tó bí, ọkọ rẹ̀ sì wà níbi ìwakùsà ní ìhà àríwá, kò ní padà kí yìnyín tó yọ́. Lójú ọ̀nà, Balbaara bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dákú. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹni kì í kọjá lára awakọ̀ tó dúró. Ìwọ tí o kọjá lára rẹ̀ lónìí, ìwọ ni wọn yóò kọjá lára rẹ lọ́la, ọ̀la náà sì lè jẹ́ ọjọ́ ikú rẹ. Ó kó gbogbo igi ìdáná tó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ fún awakọ̀ náà, ó fún un ní búrẹ́dì àti ẹja rẹ̀, ó tún yá a ní àáké. Abúlé rẹ̀ kò kúkú jìnnà mọ́.

Àfi bó ṣe gun etí odò jáde tí mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì dákẹ́.

Omi ti wọnú epo, ó ti dì sínú ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Balbaara mú àtùpà afúnná rẹ̀, àtùpà kékeré tó máa ń pọ́ ahọ́n iná jáde bí ejò, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó ń yọ́ yìnyín inú ọ̀pá. Ọ̀pá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni ẹnu àtùpà dí. Ó fẹ́ ẹ, ó gbọ̀n ọ́n, kò là. Nígbà tó fi máa jáde lábẹ́ mọ́tò, òtútù ti wọ ẹ́ńjìnnì lára, ọ́ìlì ti ń le. Kò sí igi, kò sí àáké, abúlé sì jìnnà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn igbó.

Ohun tó wà nítòsí níbẹ̀ ni ahoro.

Ilé kan ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó wà láyé nísinsìnyí. Ìdajì òrùlé rẹ̀ ti wó, àwọn ògiri onígi rẹ̀ sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àgbàlagbà tó ń tọ́gbé. Orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀ ti parẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ abúlé tí wọn kò kìlọ̀ fún láti kékeré: o kò gbọdọ̀ sùn ní ahoro, o kò gbọdọ̀ pariwo lójúde ahoro, o kò sì gbọdọ̀ mú ohunkóhun níbẹ̀, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ tó ti dógùn-ún. Nítorí pé ẹni tó ni nǹkan lè kú, kí níní rẹ̀ má kú.

Balbaara mọ̀. Bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín lọ síbẹ̀ náà ló mọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù ti gba ìka rẹ̀, kò gbà á láyè ìrònú. Nínú ilé, lápá òsì ẹnu ọ̀nà, ó bá bẹ́ńṣì kan. Wọ́n ti jókòó lórí rẹ̀ títí ó fi ń dán, àyè ìdí èèyàn kan ṣoṣo sì ti jẹ wọ̀ ọ́ láàárín gbungbun. Kò sí igi gbígbẹ mìíràn. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin onílé," ni ó wí. "N kò ní oúnjẹ lọ́wọ́ tí mo lè gbé kalẹ̀ fún yín. Màá padà wá."

Ó sun bẹ́ńṣì náà lábẹ́ mọ́tò. Iná rẹ̀ kò rú èéfín, kò tá pàrà pàrà bí igi ṣe máa ń ṣe. Ó kàn ń jó jẹ́jẹ́. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, Búrẹ́dì kò húkọ́. Kò gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dìde, bí ẹni tí wọ́n gbọ́wọ́ lé léjìká. Balbaara wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti mọ mọ́tò náà, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ó délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbàgbé pé òun sọ pé òun á padà lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé abọ́ ẹ̀yinná jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìkùukùu funfun nípọn débi pé kò rí ọgbà tó wà níwájú rẹ̀. Ó ká etí aṣọ tó fi bo mọ́tò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ti ẹ̀yinná sábẹ́, ó wá rí i pé ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò ti yọ́. Ó yọ́ róbótó, ó sì ti tún dì, ó ń dán bí dígí. Kò sí eérú níbẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Bẹ́ẹ̀ inú ilé ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, inú ilé ni bátìrì rẹ̀ sùn.

Ó lọ sí ọ̀dọ̀ Bahilay, ó gbé àwo ọbẹ̀ ẹran ẹṣin dání.

"Kí lèyí?"

"O ṣeun tó o yáná fún mọ́tò mi."

Bahilay gba àwo kó tó dáhùn. "Èmi tí mi ò rí igi yáná fún ara mi? Ìyá Kunney, ọkùnrin kan ń dẹnu kọ ọ́. Mo bá ọ yọ̀. Jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, kí n kìlọ̀ fún un pé o máa ń hanrun."

"Jẹ ọbẹ̀ rẹ, kó o dákẹ́."

Ó gbà pé Bahilay ló ń ṣe é, pé ó kàn ń fi òun ṣàwàdà ni. Àárọ̀ kejì tún rí bẹ́ẹ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tó fi mọ́ ọn lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sùn pẹ́. Ṣebí ẹni tí wọ́n bá ń gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Àwọn ará abúlé ń sọ pé Búrẹ́dì Balbaara ti di ọmọlúàbí, pé ẹ̀ẹ̀kan ló ń pè é tó ń jẹ́. Balbaara ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìkùukùu ká, ó yí mọ́tò náà po, ó ń wá ipa ẹsẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ló rí.

Lẹ́yìn èyí ló kíyè sí gíláàsì.

Ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá sùn sínú mọ́tò lákòókò òtútù, èémí rẹ̀ á dì mọ́ gíláàsì láti inú, á funfun bí ọ̀rá orí wàrà. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ Balbaara mọ́ kedere. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí èrò iwájú máa ń jókòó, ti funfun láti òkè délẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha á. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún ti funfun, ó tilẹ̀ tún nípọn sí i. Láàárín rẹ̀, níbi tí ẹnu èèyàn tó bá jókòó yóò kọjú sí, ihò kékeré kan wà tó yọ́, bí ẹni pé ẹnìkan súnmọ́ ọn láti yọjú wo ìta.

Ó ha ìyẹn náà. Ó ní òtútù lásán ni.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídé, Bahilay fẹ́ bá a lọ ra ọta ìbọn. Ó gun iwájú, ó jókòó. Kò tíì fa ilẹ̀kùn dé tó fi bẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀yinná.

"Kí ló dé?"

Bahilay kò ṣàwàdà. Ó ń wo àga náà. "Ta lo gbé síbẹ̀?"

"Ṣé o rí èèyàn níbẹ̀ ni?"

"Mi ò rí i. Itan èèyàn ló jọ lábẹ́ mi. Ó dà bíi pé mo jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ó sì sún fún mi díẹ̀."

Ẹ̀yìn, lórí àwọn àpò, ni Bahilay jókòó sí lálọ àtàbọ̀. Balbaara wa mọ́tò, kò yíjú sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ báyìí pé lọ́jọ́ gbogbo tí òun ti ń ná ọ̀nà yẹn, òun kò dá nìkan wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kunney tẹ̀ ẹ́ láago. Ó ti bímọ, obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Sátidé ni wọ́n máa dá wa sílẹ̀, Màámi. Ẹ wá gbé wa o. Iwájú ni kí ẹ jẹ́ kí n jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí òtútù má mú ọmọ."

"Iwájú," ni Balbaara wí.

"Ṣé kò sí nǹkan? Ohùn yín yí padà."

"Kò sí nǹkan. Fún ọmọ lọ́mú."

Mọ́tò mìíràn kò sí. Àwọn awakọ̀ ìlú ńlá kì í fẹ́ gba ojú odò sí abúlé wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé ọmọ tuntun sórí kẹ̀kẹ́ orí yìnyín. Bí Balbaara kò bá lọ, ọmọ rẹ̀ kò níbi tó máa sùn sí nílùú ńlá. Bó bá lọ, orí itan ẹni tí kò mọ̀ ni yóò gbé ọmọ tuntun náà sí. Sìgá ló fẹ́ fà, ó sì rí i pé òun ti fi iná sí ẹ̀yìn rẹ̀ dípò orí.

Ó dìde, ó lọ sọ́dọ̀ Màmá Daarya.

Màmá Daarya ló dàgbà jù lábúlé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń yí padà lábẹ́ yìnyín. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni Balbaara bá a, ó ń rọra fi bọ́tà bọ́ iná díẹ̀díẹ̀, bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe kí àwọn tó fi oúnjẹ kan ẹnu ara wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Balbaara tán pátá. Kò yà á lẹ́nu.

"Ẹni tó ń yáná fún mọ́tò," ni ó wí, "ó fẹ́ gùn ún ni. Èèyàn kì í yáná fún mọ́tò tí kò ní gùn."

"Níbo ló ń lọ, Màmá?"

"Kò ní ibì kan tó ń lọ. Ìjókòó ló ń wá. Kí lo sun lábẹ́ mọ́tò rẹ lọ́jọ́ náà?"

"Igi ni."

"Igi wo, ọmọ yìí? Má sọ fún mi pé igi, bíi pé mo ti kú."

Balbaara wolẹ̀. "Bẹ́ńṣì ni. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Màmá Daarya tún bọ́ iná. Iná ń jẹ bọ́tà. "O sun ìjókòó onílé. Ibo wá lo fẹ́ kó jókòó sí? Ooru iná ọ̀hún ló tẹ̀ lé wọ mọ́tò rẹ, o sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yáná fún mọ́tò. Kì í ṣe ìkà. Ó ń san owó ọkọ̀ rẹ̀ fún ọ láràárọ̀, ìwọ sì ń gbà á."

Balbaara súnmọ́ iná. "Kí ni kí n ṣe?"

"Gbé bẹ́ńṣì lọ fún un. Kì í ṣe tuntun. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í jókòó síbi tí ẹnìkan kò tíì jókòó rí. Tilé rẹ ni kí o gbé." Ó na ìka sí i. "Kí o wá pa ẹ́ńjìnnì."

"Níbẹ̀? Nínú òtútù yìí?"

"Ṣé o ti rí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kùn? Pa á. Jẹ́ kó tutù títí ooru kankan kò fi ní kù lára rẹ̀. Ẹni tó ń yáná kì í dìde níbi tó gbóná. Tó bá sọ̀kalẹ̀, má wẹ̀yìn. Iná ilé tìrẹ ni kí o fi jí mọ́tò, kì í ṣe igi tí o rí he."

"Tí mọ́tò ò bá dìde ńkọ́?"

"Nígbà náà, ẹ ó jẹ́ méjì lórí bẹ́ńṣì," ni ìyá àgbà wí, ó sì yíjú sí iná.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Balbaara gbé bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ ààrò rẹ̀ jáde. Silip ló kàn án, orí rẹ̀ ni Kunney ti kọ́ ìrìn. Ó kó igi láti inú àká rẹ̀, ó bu ẹ̀yinná ààrò rẹ̀ sínú ìkòkò irin, ó dé e. Ó mú korobá òfìfo dání. Ó dín aláàjì, àkàrà pẹlẹbẹ oníbọ́tà, ó dì í sínú aṣọ. Mọ́tò ti gbóná kó tó débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Gíláàsì ọ̀tún funfun.

Bahilay dúró lẹ́nu ọgbà. "Màá wà létí odò. Bí oòrùn bá ti gorí igi, tí n kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ, màá wá."

"Má wá kó tó gorí igi."

"Mo gbọ́." Ó wo gíláàsì funfun náà, ó sì yára wo ibòmíràn. "Ìyá Kunney, tí o bá kú, ta ni yóò máa gbé ọbẹ̀ fún mi?"

"Fẹ́ ìyàwó," ni ó wí, ó sì wa mọ́tò lọ.

Ní ahoro, ó gbé bẹ́ńṣì wọlé, ó gbé e sí apá òsì ẹnu ọ̀nà, níbi tí àmì ẹsẹ̀ èyí àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó to aláàjì sórí rẹ̀. Ó padà jáde, ó dá iná kékeré síwájú mọ́tò láti inú ìkòkò rẹ̀, ó fi bọ́tà bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ̀yin onílé," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "a ti délé o."

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ti pẹ́ tí Balbaara ti ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tọjọ́ náà yàtọ̀. Ó bò ó bí ẹní gbé ìkòkò borí èèyàn. Ó tú ọ́ìlì gbígbóná sínú korobá, ó gbé korobá sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú iná. Ó fi aṣọ onírun di bátìrì bí ẹni di ọmọ, ó gbé e lé itan. Ó kẹ̀yìn sí mọ́tò, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń tutù, tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, tí ìró náà ń jìnnà síra, títí kò fi dún mọ́. Ìrì dídì ti so mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń já bọ́ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìró bíi ti ọkà tí wọ́n ń dà.

Spríńgì àga dún.

Balbaara di korobá mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Yìnyín ilẹ̀ yẹn máa ń ké tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nínú òtútù. Ó gbọ́ bó ṣe ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó tún ké, ó súnmọ́. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà ni, ẹsẹ̀ tó ń wọ́. Ó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró. Iná tó wà níwájú rẹ̀ tẹ̀ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, bí iná ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá na ọwọ́ sí i láti yá a. Ooru ojú rẹ̀ lọ. Ó ń wo iná, ó ń wo bí àárín rẹ̀ ṣe ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ó sì ro ọmọ tuntun tí kò tíì rí. Ojú rẹ̀ wà níwájú. Kò wẹ̀yìn.

Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ náà tó tún wọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí ohun tó hàn lójú yìnyín. Ó ké títí dé ẹnu ọ̀nà ahoro. Lẹ́yìn náà, nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ti wó yẹn, bẹ́ńṣì Silip dún bó ṣe máa ń dún nígbà tí Silip bá délé láti oko koríko, tó bá rẹ̀ ẹ́ tó sì jókòó lé e.

Ìyẹn ló mú omi lójú Balbaara. Omi náà dì kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó dìde. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì, ìka rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tutù, ó tutù bí ibojì. Ó kó ẹ̀yinná rẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó to igi lé e, ó bò ó mọ́lẹ̀ yíká. Ó da ọ́ìlì padà, ó so bátìrì, ìka rẹ̀ kò mọ èwo ni ìka mọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Kò sí nǹkan.

Ó dúró kí ooru wọlé sí i. Ó tún yí i. Búrẹ́dì kérora lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ lójú oorun, ó sì sùn.

"Dìde," ni ó wí. "Dìde, ọ̀lẹ, ọmọ ọ̀lẹ."

Ó mú irin ìyí, ó tì í bọ ihò iwájú mọ́tò, ó fi gbogbo ara yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni ń ro àmàlà fún gbogbo ìlú. Ó yí i, ó sinmi, ó bú u, ó tún yí i. Igi tó gbé wá ti ń tán. Oòrùn ti ń gun igbó bọ̀, pupa, láìní ooru kankan. Ó da igi tó kù sábẹ́ mọ́tò, gbogbo rẹ̀ pátá, ó padà sídìí kọ́kọ́rọ́, ó sì yí i.

Mọ́tò húkọ́.

Ó dákẹ́. Balbaara kò mí. Ó tún húkọ́, ó gbọ̀n, ó rú èéfín dúdú, ó fẹ́ kú, Balbaara fi ẹsẹ̀ rọra tẹ iná mọ́ ọn, ó húkọ́, ó kùn, ó tún fẹ́ kú, ó sì kọ̀, kò kú. Ó ń kùn. Ó ń kùn bí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò bá yáná fún. Láti ìhà etí odò, ó gbọ́ tí Bahilay yìnbọn lẹ́ẹ̀kan sójú ọ̀run láti jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti gbọ́.

Ó fa ilẹ̀kùn ọ̀tún dé. Gíláàsì rẹ̀ ti ń yọ́, omi ń ṣàn lára rẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Kunney ti di ọmọ sínú awọ ehoro, ó sì ti ń bínú.

"Màámi, láti àárọ̀ la ti wọṣọ. Kí lẹ ń ṣe lójú ọ̀nà?"

"Mọ́tò kò tètè dìde."

"Ṣebí wọ́n ní ó ti di ọmọlúàbí?"

"Ó ti padà sí ìwà rẹ̀." Balbaara ká aṣọ díẹ̀, ó wo ojú ọmọ, ojú pupa kékeré tó ká jọ bí ewé tuntun. Lẹ́yìn náà ló kọ́kọ́ gun iwájú fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí àga ọ̀tún, ó sún síbí, ó sún sọ́hùn-ún. Àga lásán ni. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ó yá, jókòó."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lórí odò, Kunney ń kùn bíi mọ́tò pé ibẹ̀ tutù, pé ooru ẹ́ńjìnnì kò tó. Ìyá rẹ̀ ní kó jẹ́ kó tutù. Ọmọ sùn ní tirẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀ nígbà tí wọ́n gun etí odò jáde, Kunney sì na ọrùn wo ìta.

"Màámi, ṣé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀ yẹn báyìí ni? Èéfín ń rú."

Balbaara kò yíjú. "Má nàka sí i. Fa aṣọ bo ọmọ lójú."

Kunney wo ìyá rẹ̀, ó fa aṣọ bò ó. Balbaara kò tẹ iná mọ́ mọ́tò, nítorí ẹni kì í sáré kọjá lójúde onílé. Ó jẹ́ kó rọra máa rìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ibẹ̀ gan-an, ó tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ni ó wí, ó sì ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ.